Katikíìsì Tí Kì í Jẹ Nínú Búrẹ́dì Èmáúsì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi: èmi Rẹ̀mí, mo fẹ́ràn láti máa wá ìdí ọ̀rọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí, n ó dìde bi àwọn tó gbẹ́ sàréè pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, tí mo bá ní ọdún méjìlá ni mo fi wá ìdí ọ̀rọ̀ kan kí n tó rí i, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí ló dé tí Bàbá Ernest Akínladé, katikíìsì àwa Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wa ní Sabon Gari, fi ń kó wa, àwa bí ogójì ènìyàn, rìn nínú oòrùn láti Niger Street títí dé Tarauni ní gbogbo Ọjọ́ Ajé Àjíǹde? Ẹni tó bá mọ Kano mọ bí oòrùn ìgbà Àjíǹde ṣe ń ṣe níbẹ̀. Tarauni ọ̀hún ńkọ́? Kò sí odò níbẹ̀, kò sí òkè. Àwọn ìjọ mìíràn ń kó ọmọ wọn lọ wo kìnnìún ní ọgbà ẹranko, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwa ń lọ sí Tarauni. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá ibòmíràn, Bàbá Ernest á ní, "Èmáúsì kì í ṣe ibi fàájì," á sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Kano ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1924. Bàbá rẹ̀ bá rélùwéè wá láti Òṣogbo, ìdí rélùwéè náà ni òun pẹ̀lú ti jẹun. Gáàdì ni, ẹni tó máa ń dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́ àti fèrè lẹ́nu. Bí Bàbá Ernest bá ti fọn fèrè rẹ̀, ìwọ tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, o di èrò ọ̀la nìyẹn. Wọ́n ní ó fi ìyàwó ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Zaria lọ́jọ́ kan, nítorí pé ìyá náà ń ra ìrèké lọ́wọ́ nígbà tí àsìkò tó. Mo bi ìyàwó rẹ̀ léèrè kí ó tó di olóògbé. Ó ní irọ́ ni, pé Kaduna ni, pé ọsàn sì lòun ń rà.

Ìwà gáàdì yìí náà ló gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n fi í ṣe katikíìsì. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ìjìyà Olúwa ní aago mẹ́ta ọ̀sán, òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà nínú á wà nínú, ẹni tó wà níta á wà níta, títí gbogbo wa ó fi fẹnu ko àgbélébùú tán. Fadá kò pa á láṣẹ o. Bàbá Ernest ló fọn fèrè tirẹ̀.

Ọdún 1973 ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn Èmáúsì. Lúùkù Mímọ́ sọ ọ́ ní orí kẹrìnlélógún pé lọ́jọ́ tí Olúwa jí dìde, méjì nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń rìn lọ sí ìletò kan tí à ń pè ní Èmáúsì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jiyàn, Olúwa fúnra rẹ̀ sì wá ń bá wọn rìn, ṣùgbọ́n wọn kò dá a mọ̀. Bàbá Ernest ní méjì-méjì ni àwa náà gbọ́dọ̀ máa rìn. Ó ní nígbà tí wọ́n ti ń jiyàn lọ́nà, àwọn tó ń bá ara wọn jà lòun ó máa so pọ̀. Bí ìwọ àti ẹnì kan kò bá ti kí ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹ ó gbọ́ orúkọ yín papọ̀ lẹ́yìn Mísà. Búrẹ́dì kan fún ẹni méjì, odidi, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bù ú títí ẹ ó fi dé àgbàlá Tíṣà Adétúnbọ̀, ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé ní Tarauni. Mo ti rí àgbà méjì tí wọ́n jókòó ti búrẹ́dì fún odindi wákàtí kan níbẹ̀, tí eṣinṣin ń jẹun lójú wọn, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ pé "ẹ gbà." Ebi ló parí ìjà yẹn. Èmi ò rí i kí búrẹ́dì má parí ìjà kan níbẹ̀ rí.

Bàbá Ernest fúnra rẹ̀ kì í ní ẹnìkejì. Ẹ̀yìn wa pátápátá ló máa ń dá rìn, bí gáàdì ṣe ń gbẹ̀yìn ọkọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì tirẹ̀ lábẹ́ apá.

Kí a tó gbéra, á ka ẹsẹ Bíbélì náà, á ní kí a béèrè ìbéèrè. "Abéèrè kì í ṣìnà," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ta ló ń bá wí bí kò ṣe èmi. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ní Kíléópà ni orúkọ ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì, kí ni orúkọ ìkejì? Ó ní Lúùkù kò kọ ọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní bóyá kò ṣe pàtàkì. Mo ní ẹni tó bá Olúwa rìn ní máìlì méje, báwo ni kò ṣe ní ṣe pàtàkì? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Salome tí a jọ ń kọrin fi ìgbúnwọ́ gún mi níhà.

Ní ọdún kejì, mo mú òmíràn wá. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, àwọn méjèèjì bẹ Olúwa pé kó dúró ti àwọn. Ó wọlé, ó jókòó ti oúnjẹ, ó mú búrẹ́dì, ó súre sí i, ó bù ú, ó fi fún wọn, wọ́n dá a mọ̀, ó sì pòórá. "Katikíìsì," mo ní, "ṣé òun alára jẹ níbẹ̀?"

Bàbá Ernest wò mí títí. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀ lójijì. Ó ní, "Bíbélì ò sọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkùnrin náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kì í jẹ nínú búrẹ́dì rẹ̀. Kí a tó dé Tarauni, alágbe kan tó bá pàdé lójú títì ló máa gbé gbogbo rẹ̀ fún. Ohun kejì yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé sí Kòmúníọ̀n Àkọ́kọ́, tó ń nà wọ́n tí wọ́n bá jẹ gúgúrú kí wọ́n tó wá, òun fúnra rẹ̀ kì í gba Kòmúníọ̀n. Nígbà tí a bá tò, ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń wà, á máa tún àga tò. Mo bi í. Ó ní Mísà àárọ̀ lòun ti ń gba tòun. Ẹ má bú mi o: mo jí lọ sí Mísà àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi ní pósọ́fíìsì. Ẹnu ilẹ̀kùn náà ló wà níbẹ̀.

Ẹnìkejì tí mo ń ṣọ́ ni Màmá Beatrice Oyèwùmí. Aránṣọ ni, Niger Street ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òun ló ń rán aṣọ àwọn akọrin àti aṣọ pẹpẹ. Ọjà Kantin Kwari ló ti ń ra aṣọ, Hausa sì dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi ń pè é ní Hajiya, òun náà á sì dáhùn tí ìyẹn bá máa mú kí ọjà wálẹ̀. Lọ́dọọdún, tí a bá ti dé ibi tí igi dógónyárò mẹ́ta wà ní ẹnu àbáwọlé Tarauni, màmá náà á fa ìborùn rẹ̀ bo ojú ọ̀tún, á máa wo apá òsì títí a ó fi kọjá. Ilé àbúrò rẹ̀ ló wà ní apá ọ̀tún.

Kí ó tó di Beatrice, Àsíátù ni. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, arànfìlà tó wá láti Ìwó, ó sì kọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ṣàràfá, ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí Àsíátù fẹ́ Oyèwùmí, akọ̀wé rélùwéè, tó sì gba ìrìbọmi, bàbá náà fajú ro fún ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń jẹ ìrẹsì Kérésì ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń jẹ ẹran Iléyá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ̀sìn ló dá ìjà wọn sílẹ̀.

Ikú bàbá náà ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì Rere ló kú, lọ́dún 1972. Nígbà tí Màmá Beatrice fi máa sáré dé Tarauni, wọ́n ti sin bàbá, àwọn ènìyàn ń fọ erùpẹ̀ ọwọ́ wọn. Ṣàràfá ní láti aago méjì lòun ti ránṣẹ́, pé Àmúsà aládùúgbò òun gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jíṣẹ́ fún ọkùnrin kan lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá Beatrice ní irọ́ ni. Ó ní Katikíìsì ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, pé aago márùn-ún ni Katikíìsì sọ fún òun pé Àmúsà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti pé katikíìsì kì í purọ́. Ṣàràfá ní, "Àgbélébùú lẹ ń fẹnu kò nígbà tí a ń gbé Bàbá lọ." Òun náà ní, "Ìwọ lo fẹ́ dá sin ín, kí wọ́n lè máa pè ọ́ ní ọmọ kan ṣoṣo." Láti ọjọ́ náà, ọmọ ìyá méjì nínú ìlú kan náà, wọn ò rí ara wọn mọ́.

Gbogbo wa la gba Màmá Beatrice gbọ́. Ta ni kò ní gba ọ̀rọ̀ gáàdì gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ aago?

Báyìí la ṣe ń rìn títí ó fi di 1985. Bàbá Ernest ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, mo ti bí ọmọ mẹ́ta tí wọn kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ìròyìn kàn wá pé Màmá Beatrice ń kó kúrò ní Kano. Ọmọ rẹ̀, Ọlọ́runṣẹ́gun, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ìyá òun ti dàgbà ju ẹni tí ń dá gbé lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni yóò wá fi ọkọ̀ gbé e lọ. Màmá náà ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kan. Mo bi í bóyá yóò kí àbúrò rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Ó ní, "Ta ni àbúrò mi?" Ó sì ń bá ẹrù dídì rẹ̀ lọ.

Bàbá Ernest wà nítòsí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ó wá bá a kó ẹrù. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Àga tó gbé dání, ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, lẹ́yìn Mísà, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń ka orúkọ méjì-méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìkẹyìn ló kà pé, "Beatrice Oyèwùmí." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Àti Ernest Akínladé."

Ariwo kékeré sọ. Màmá Beatrice wò ó, ó ní, "Katikíìsì, àwa méjèèjì ò jà kẹ̀." Bàbá Ernest ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màmá."

Ẹ ò ní bi mí pé ta ló rìn lẹ́yìn wọn gan-an. Èmi àti Salome ni. Salome ń kọrin, mo bẹ̀ ẹ́ kó rọra kọ ọ́. A rìn, a rìn, a já sí títì Màídúgùrì, ooru ń ti ilẹ̀ bọ̀ wọ bàtà wa, ọmọ mi kékeré ń sunkún, "Mama, na gaji", pé ó ti rẹ òun, mo sì gbé e pọ̀n. Màmá Beatrice ló gbé búrẹ́dì. Nígbà tí igi dógónyárò mẹ́ta náà hàn lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì ti fẹ́ fa ìborùn rẹ̀, Bàbá Ernest sọ̀rọ̀.

"Màmá Beatrice, ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá yín kú."

"Kí ló mú ìyẹn wá?"

"Àmúsà dé ẹnu ilẹ̀kùn kí aago mẹ́ta tó lù."

Ìrìn Màmá falẹ̀. Mo na ọwọ́ dí Salome lẹ́nu.

"Ó ní Bàbá ti jáde láyé, pé wọ́n máa sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Alásàrí, pé kí ẹ máa bọ̀ kíákíá. Mo ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo ní kó máa lọ, pé n ó sọ fún yín. Mo rò ó nínú mi pé wákàtí méjì ò jẹ́ nǹkan kan, òkú kì í sá. Àwa a máa gbé òkú tiwa sí mọ́ṣúárì títí oṣù á fi lé. Ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ pé tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn."

"Aago márùn-ún lẹ sọ fún mi."

"Aago márùn-ún ni."

"Ẹ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Nígbà tí mo rí ojú yín, ẹ̀rù bà mí. Mo purọ́."

Màmá Beatrice dúró sójú kan. Àwọn tó wà níwájú wa ti ń kọjá igi náà lọ. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Lójú gbogbo àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ni mo ti sọ pé katikíìsì kì í purọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi pe àbúrò mi lópùrọ́, nítorí yín." Ó fa ìborùn rẹ̀ kúrò lórí, ó ká a lọ́wọ́, ó sì yà sí apá ọ̀tún.

Bàbá Ernest tẹ̀ lé e. Mo gbé ọmọ mi lé Salome lọ́wọ́, mo ní kó máa bá àwọn yòókù lọ, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ta ló pè mí? Kò sẹ́ni tó pè mí.

Ṣàràfá jókòó sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí fìlà kan. Nígbà tó gbójú sókè, Hausa ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, "Sannu da zuwa," bí ẹni tó ń kí oníbàárà káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó ń kí. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Beatrice bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, àgbà tó fún Ṣàràfá ní omi mu nígbà tí ìyẹn wà ní ìkókó, Ṣàràfá sì fò dìde, ó dì í lápá méjèèjì mú.

"Ẹ̀gbọ́n Àsíátù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Ṣàràfá, ìwọ kọ́ lo purọ́."

Bàbá Ernest ṣí fìlà lórí, ó ní, "Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Mo kíyè sí i pé èyí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣàràfá wò ó títí. "Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Èmi ni."

"Àmúsà kú sí Sókótó lọ́dún tó kọjá," Ṣàràfá wí. "Títí ó fi kú, mi ò gbà á gbọ́ tán. Mo máa ń rò ó pé bóyá ó dúró jẹ nǹkan lọ́nà ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Èmi náà ń sunkún, n ò mọ ẹni tí mò ń sunkún fún nínú gbogbo wọn.

Màmá Beatrice rántí búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sí àbúrò rẹ̀. Bushrat, ìyàwó Ṣàràfá, ti jáde síta, ó sì rọra sọ pé, "Ọjọ́ Ajé lòní, Àǹtí. Wọ́n gba ààwẹ̀." Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ó ní, kò sí Ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀ tí Ṣàràfá kì í gbààwẹ̀.

Ṣàràfá gba búrẹ́dì náà. Ó ní "Bìsìmílà", ó fi ọwọ́ bù ú sí méjì, ó fi ìdajì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdajì kejì, ó wé e sínú aṣọ fìlà tó ń rán, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò jẹ.

Ìbéèrè tí mo béèrè ní 1974, pé ṣé ẹni tó bu búrẹ́dì alára jẹ níbẹ̀, ló dúró níwájú mi yìí, ó ní irùngbọ̀n, ó sì so abẹ́rẹ́ mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Mo wo Bàbá Ernest, òun náà ń wò mí.

Ṣàràfá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró tì mí. Oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀, n ó bá yín jẹ ẹ́."

Oòrùn ọ̀hún wà lágbedeméjì orí. Màmá Beatrice di ìdajì búrẹ́dì tirẹ̀ mọ́ etí aṣọ láìfi kan ẹnu, ó ní, "N ó dúró." Wọ́n sì wọlé lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí àwa wá.

Bushrat tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ igi dógónyárò, ó gbé omi wá, ó kí wa dáadáa, ó padà sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó di aago mẹ́rin, àwọn ènìyàn wa ti jẹun tán ní àgbàlá Tíṣà Adétúnbọ̀, wọ́n ń padà lọ sílé. Tíṣà juwọ́ sí wa lójú títì. Bàbá Ernest mi orí pé kí wọ́n máa lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí ọkọ̀ gbéra tí gáàdì kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo béèrè gbogbo ìbéèrè mi, kò sì pa ìwé dé fún mi.

Ó ní ní ọjọ́ kẹrin ikú yẹn gan-an, Ọjọ́ Ajé Àjíǹde 1972, òun nìkan rìn wá sí Tarauni láti wá sọ òtítọ́ fún Ṣàràfá. Ọjọ́ kejì tí ìjọba ní kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ni. Òun ò mọ apá tí òun ó máa wò, lọ́rí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun mọ́lẹ̀ níbi igi yìí, òun bá padà, òun sọ fún ara òun pé Ọlọ́run ló dá òun padà. "Kì í ṣe Ọlọ́run," ó ní. "Lọ́rí ni."

"Kòmúníọ̀n ńkọ́?"

"Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Fadá, á ní kí n lọ sọ fún Màmá Beatrice. Mi ò lè sọ fún un. Mi ò sì lè lọ gba Olúwa sẹ́nu tó purọ́ tí kò tíì tún un ṣe. Mo bá ń ṣọ́ ilẹ̀kùn."

"Tarauni ńkọ́? Kí ló dé tó jẹ́ Tarauni lọ́dọọdún?"

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà Ṣàràfá. "Mo rò ó pé bí mo bá ń mú Màmá dé ìtòsí ibí yìí, ọjọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e wọlé, láìjẹ́ pé mo la ẹnu."

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ogójì ènìyàn, ọdún méjìlá, nínú oòrùn, àti ọmọ ọwọ́, kí ẹnì kan má bàa sọ gbólóhùn kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. Kò wí àwíjàre kankan. Ó tún ní, "Rẹ̀mí, o bi mí nígbà kan pé kí ni orúkọ ìkejì Kíléópà. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Lúùkù pé kó má kọ ọ́. Bóyá ó ti ṣe nǹkan kan ní Jerúsálẹ́mù kó tó gbéra, tí ojú ń tì í. Olúwa ṣì bá a rìn."

A jókòó. Òjìji igi yí kúrò lára wa, a fa ẹní tẹ̀ lé e. Látinú ilé, à ń gbọ́ ohùn ọmọ ìyá méjèèjì, nígbà mìíràn ẹ̀rín. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì dùn mí wọra.

Oòrùn pọ́n, ó wọ̀. Wọ́n pe ìrun Màgàríbà ní mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé. A gbọ́ tí Ṣàràfá bu omi mu, a gbọ́ tó lọ kírun, a gbọ́ tó dé. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń jẹ búrẹ́dì yẹn.

Màmá Beatrice jáde. Bàbá Ernest fẹ́ dìde, ó ní kó jókòó. Búrẹ́dì díẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù nínú ìdajì tirẹ̀. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà.

"Katikíìsì, mi ò tíì dárí jì yín," ó ní. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ṣì ń dùn mí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi búrẹ́dì náà lé e lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́. Ọ̀nà Niger Street jìn, ẹ ò sì tíì jẹun láti àárọ̀."

Ọwọ́ méjèèjì ni Bàbá Ernest fi gbà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọkùnrin yẹn, ní Mísà àárọ̀, ní Mísà ọ̀sán, lójú títì Màídúgùrì nínú oòrùn. Ó gbé búrẹ́dì sókè báyìí, èmi Rẹ̀mí, mo yí ojú mi sí ara igi, n ò sì wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.